Oògùn Tó Sọ Ajá Ọdẹ Di Olè

Àwọn ọmọ tó ń parí ilé-ìwé máa ń wá bá mi ní Makun, ní Ṣàgámù níbí, wọ́n á ní, "Àlàájà, ẹ gbà wá nímọ̀ràn, a fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran." Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Ṣé o lè ṣe iṣẹ́ dáadáa, kí ibi tó já sí má dára, kí o sì tún jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì?" Wọ́n á máa wò mí. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo máa sọ. Owó oṣù kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jókòó, kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún mi, láti ìgbà tí mo wà ní ọmọge títí di ìgbà tí eékún ní kí n lọ sinmi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tó ṣì wù yín, a jẹ́ pé tiyín ni.

Ọmọ olóbì ni mí. Sábó ni bàbá mi ti ń ta gbàǹja, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bí mi sínú apẹ̀rẹ̀ obì. Mùsùlùmí gidi ni wá. Nílé wa, bí ajá bá fi ẹnu kan abọ́, ìyá mi á fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, á fi omi fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, títí ẹ̀rù á fi máa bà wá pé abọ́ fẹ́ lu. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ọmọ ilé yìí náà ló lọ fi gbogbo ayé rẹ̀ di ajá mú.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Dókítà ẹran kan ṣí ilé ìwòsàn sọ́nà Ìjòkú, ó ń wá ẹni tí yóò máa fọ nǹkan fún un, mo lọ, ó gbà mí. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀.

"Sàídátù, nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, ajá?"

Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run náà ló dá a."

Àfáà àdúgbò wa ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní láádá ń bẹ nínú kéèyàn tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí, pé kí n ṣáà máa wẹ̀ dáadáa kí n tó kírun. Bàbá mi gbà. Ìyá mi gbé ìkòkò omi kan sí ẹ̀yìnkùlé, ó da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní n kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé wọlé mọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Títí ó fi kú, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà. Àwọn àbúrò mi sọ mí ní Ìyá Ajá, orúkọ náà sì mọ́ mi lára ju èyí tí wọ́n pa àgbò sọ lọ.

Ọ̀gá mi le. Bí mo bá ní ó le, kì í ṣe pé ó ń pariwo. Ì bá máa pariwo, à bá mọ ibi tí a ó sá sí. Ọ̀rọ̀ kan ló mọ̀: "Tún un ṣe." Mo fọ tábìlì, ó fi ìka nù ún, "Tún un ṣe." Mo gbé ajá sórí òṣùwọ̀n, ajá ju ìrù, "Tún un ṣe." Mo máa ń sọ nínú ara mi pé kí ìyá tó bí i wá tún òun náà ṣe. Ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun tó mọ̀ pamọ́ fún mi. Láti orí ilẹ̀ gbígbá ló ti fà mí dé ìdí abẹ́rẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ iwájú ajá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ omi sí ló kọ́kọ́ fi kọ́ mi, mo gún un títí ó fi di ajere. Nígbà tó wá fún mi ní ajá gidi, ó ní bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ wúkọ́. Bí ilé bá ń jó, kí n kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ ná.

Sírínjì onígíláàsì là ń lò nígbà yẹn. À ń sè é lórí sítóòfù bí ẹni ń se ẹyin, ẹni tó bá sì fọ́ ọ̀kan, ojú ọ̀gá á tó o jẹun alẹ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń sọ nù dé. Fíríìjì dé, jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e, òṣùwọ̀n tí ń tan nọ́ńbà dé. Mo fẹ́ràn wọn, n kò ní purọ́. Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ dára jù, kò gbé omi gbígbóná rí. Ṣùgbọ́n ohun tó yí iṣẹ́ wa padà jù lọ ni ohun tí a wá mọ̀ nípa kókó.

Ajá a máa yọ kókó lára. Òmíràn, ọ̀rá lásán ni. Òmíràn, jẹjẹrẹ awọ ara ni, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Dókítà á fi oògùn kun ajá lóorun, á gé kókó, á rán ojú rẹ̀. Ajá á jí, ẹni tó ni ín á dúpẹ́, ó parí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á tún gbé e dé. Kókó ti hù padà, nígbà míràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá, nígbà míràn níbòmíràn pátápátá. A tún gé e, ó tún hù. Mo rántí ajá funfun kan tí a gé títí tí kò fi sí awọ tí a lè fà pàdé mọ́. Dókítà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ dúró sídìí igi máńgòrò, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran kókó ránṣẹ́ sí láàbù kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, Dókítà náà sì lọ kọ́ nípa oògùn tí à ń lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú iṣan ni à ń fún un, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Hóró oògùn kan tẹ̀ lé e, tí ajá á máa gbé mì lójoojúmọ́, tí à ń dín kù díẹ̀díẹ̀. A kì í dá a dúró lójijì. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣeré o. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá jò sẹ́yìn iṣan, ẹran ibẹ̀ á jẹrà. Bó bá pọ̀ jù, agbára inú ẹ̀jẹ̀ ajá á lọ sílẹ̀, àìsàn kékeré á sì gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ajá nígbàkígbà tó bá wá, tí a sì ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ká tó fún un. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí ọ̀gá mi fi ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kì í gbà pé ajá tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná tún ń gba oògùn. "Ẹ ti gé e kúrò, kí lẹ tún ń wá?" Obì bàbá mi ni mo fi ń ṣàlàyé fún wọn. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Bí bàbá mi bá ṣí apẹ̀rẹ̀ tó rí obì tí kòkòrò ti lu, á ṣà á sọ nù. Ṣé ó wá ti apẹ̀rẹ̀ pa pé ó tán? Rárá o. Bó pẹ́ bó yá, á tún un ṣí, á tún un yẹ̀ wò, torí obì tó ń dán lónìí lè ní ẹyin kòkòrò nínú tí ojú kò rí. Ọ̀bẹ ló ń mú èyí tí a rí. Oògùn ló ń wá èyí tí a kò rí. Kò sí ilé ní Ṣàgámù tí wọn ò ti mọ obì. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó yé wa, Ìyá Ajá."

Ó yé Bàbá Ọdẹ́yẹmí náà, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ọdẹ ni, abúlé kan lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́ ló ti wá, àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún bó bá ń rìn. Orí ọ̀kadà ló gbé ajá rẹ̀ wá, ó fi ẹ̀wù wé e mọ́ àyà. Abo ajá ni, pupa, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá lọ́dọ̀ wa, ará ilé kejì ni à ń sọ ọ́ sí. Mo bi í pé ta ló ń fi orúkọ yẹn bá wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí mo ń bá wí ti kú, Àlàájà. Ajá ló kù."

Rẹ́mọ tó ki ló ń sọ, irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ mọ́. Mo ń sọ ọ́ bí yóò ṣe yé gbogbo yín. Ó fi ìhà ajá náà hàn mí. Kókó kan wà níbẹ̀, ó pọ́n, irun ti ré kúrò lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ajá yìí lojú mi nínú igbó. Bó bá kú, mo gbé ìbọn kọ́ nìyẹn, n ó wá jókòó sílé máa ka eṣinṣin."

Dókítà gé kókó náà, ó gé awọ tó yí i ká pẹ̀lú. Láàbù ní jẹjẹrẹ ni. Mo jókòó ti Bàbá, mo sọ ọ̀rọ̀ obì fún un, ó gbọ́ ọ délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ abẹ́rẹ́ tí ọ̀kadà kò gbé wọn dé. Gbogbo ajá là ń di lẹ́nu ká tó gún un, Tanímọ̀la kò gba ìyẹn rí. Bàbá á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, á máa sọ nǹkan sí i létí, èmi á wá iṣan, abẹ́rẹ́ á wọlé, kò ní mira. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń sọ fún un. Ó ní òun ń sọ gbogbo ibi tí wọ́n ti jọ pa ẹran ni.

Ọjọ́ tí a fún un ní hóró oògùn, mo kìlọ̀ fún un. Mo ní, "Bàbá, hóró yìí máa jẹ́ kí ebi máa pa á. Á máa mu omi, á máa tọ̀ káàkiri, á fẹ́ jẹ ohun tí kò jẹ rí. Kì í ṣe ìwà rẹ̀ o, oògùn ni. Ẹ máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ má dá hóró yìí dúró lójijì. Ẹ má sì mú un lọ sígbó títí oògùn á fi tán." Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà. Nígbà tí wọ́n délé, ó so ó mọ́lẹ̀, ó ń bọ́ ọ. Ajá sanra, irun rẹ̀ ń dán. Lọ́sẹ̀ kan, Dókítà tẹ ìhà rẹ̀ yíká, ó tún un tẹ̀, kò rí nǹkan. Ó ní, "Ó dáa." N kò tí ì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú wa dùn jọjọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ajá ṣìkẹrin.

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ Bàbá kú. Ọdẹ bíi tirẹ̀ ni, wọ́n jọ dàgbà nínú igbó ni. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣípà fún un, kí wọ́n lè yà á kúrò láàárín wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹran tí wọ́n bá sì pa fún ètò náà, ti òkú ni. Kò sí ọdẹ tó lè jókòó sílé lọ́jọ́ náà, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rẹ́ òkú. Ohùn Tanímọ̀la sì ni àwọn ajá yòókù ń tẹ̀ lé. Àwọn ọdẹ wá bá Bàbá. Ó ní ajá òun wà lórí oògùn. Wọ́n ní, "Ajá tó sanra báyìí? Ẹ ò wá ní mú un wá fún ọ̀rẹ́ yín ni?" Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ó gbà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Òfin kan wà lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ wọn: ajá tó ń lọ sígbó kì í jẹun láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Wọ́n ní ajá tó yó kò ní imú. Bàbá pa òfin yẹn mọ́, kò fún un ní nǹkan kan. Ó sì rántí tèmi náà, pé a kì í dá hóró oògùn dúró. Ní ìdájí, ó fi hóró náà sí i lẹ́nu, ó di ẹnu rẹ̀ mú títí ó fi gbé e mì, wọ́n sì lọ. Ó pa òfin tiwa mọ́, ó pa òfin tiwọn mọ́. Inú ajá ni òfin méjèèjì ti pàdé.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Tanímọ̀la ló rí ẹtu kọ́kọ́. Ó gbó, wọ́n yìnbọn, ẹtu gbé ọgbẹ́ sá wọ inú igbó dídí, ajá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ajá ọdẹ gidi, bó bá bá ẹran tó ti ṣubú, ńṣe ló máa dúró tì í, tí á máa gbó kí wọ́n lè mọ ibi tó wà; kò ní fẹnu kàn án títí ọ̀gá rẹ̀ á fi gé ìpín tirẹ̀ fún un. Bàbá ní òun fọn fèrè. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àbí? Tanímọ̀la gbọ́ ọ. Ó jáde sí wọn, ó ń ju ìrù, ẹ̀jẹ̀ sì bo gbogbo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ibẹ̀, ó ti tú inú ẹtu, ó ti jẹ ẹran òkú dé ibi itan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èèyàn ni wọ́n pa òwe yẹn mọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i lára ajá.

Lọ́dọ̀ wọn, ajá tó bá jẹ ẹran nínú igbó ti di olè, á sì kọ́ àwọn yòókù. Kì í bá ọdẹ gbélé mọ́, ojú Ògún ló ń kú sí. Ká wá ní ẹran lásán ni, wọn ì bá bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹran òkú ni. Bàbá Ọdẹ́yẹmí dọ̀bálẹ̀ fún Olúọdẹ, olórí wọn, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an. Ó ní kì í ṣe ajá, oògùn ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pé, "Oògùn wo ló ń kọ́ ajá lólè?" Wọ́n fún un di ọjọ́ kejì.

Kí a tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò dé fìlà. "Ẹ wá bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ."

Èmi àti Dókítà tẹ̀ lé e. Àgbàlá Olúọdẹ ni wọ́n pé sí, Tanímọ̀la wà lórí ìso lábẹ́ igi, ó ń lá abọ́ òfìfo. Dókítà ṣàlàyé bí hóró náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Èmi náà sọ tèmi. Mo ní kí wọ́n wo bó ṣe ń lá abọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti fún un lóògùn, pé Tanímọ̀la tí wọ́n mọ̀ kọ́ ló jẹ ẹtu yẹn. Wọn kò fi wá ṣẹ̀sín. Mo ti múra ìjà dè wọ́n, wọn ò bá mi jà. Olúọdẹ gbọ́ wa tán.

Ó ní, "Àlàájà, ọ̀rọ̀ yín yé wa. Dókítà, ó yé wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà láàyè nìkan ló yé. Ẹni tó ni ẹran kò sí níbí. Ta ni yóò ṣàlàyé fún un?"

Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ dìde ni mo ní, "Ẹ fún wa. Ẹ jẹ́ ká mú un kúrò lórí ilẹ̀ yín." Wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fikùnlukùn. Wọ́n padà dé, wọ́n ní ó dáa, kò ní kú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lè gbà, Bàbá gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan irin pé òun kò ní ajá mọ́: kò ní pè é, kò ní fọwọ́ kàn án, títí òun tàbí ajá náà á fi kú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irú èyí tí a fi irin sọ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá wo ajá náà. Mo rò pé yóò ní kí wọ́n fún òun láyè ronú. Kò béèrè àyè kankan. Ó gba àdá, ó fi ahọ́n kàn án, ó búra. Lẹ́yìn náà ló tú okùn kúrò lára igi, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo mú un. Tanímọ̀la kò kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀ lé mi. Ó ń wẹ̀yìn, ó ń retí kí wọ́n pe òun.

A mú un wá sí Ìjòkú. A fún un ní ìyókù abẹ́rẹ́, a dín hóró rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ebi àsán náà lọ, ó padà di ajá tó ń jẹun níwọ̀n. Kókó kò hù padà mọ́ títí ayé rẹ̀. Bí àwọn dókítà ọ̀dọ́ bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá mi á pè é jáde, á fi àpá ìhà rẹ̀ hàn wọ́n pé, "Ẹ wo iṣẹ́ oògùn." Nígbàkígbà tó bá sọ ọ́, èmi máa ń bọ́ síta. Òótọ́ ló sọ, iṣẹ́ oògùn ni. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá yẹn wá gbà lọ́wọ́ wa? Ó ní ká bá òun wo ojú òun sàn. A wò ó sàn, ojú kò sì bá a lọ sílé. Ó gbé ìbọn kọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rù. Mo ti wá ẹni tí mo lè dá lẹ́bi káàkiri, tí n bá rí i, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Dókítà kò ṣìṣe, Bàbá kò ṣàìgbọràn, àwọn ọdẹ pa òfin bàbá wọn mọ́, ajá jẹun nítorí ebi ń pa á. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mo ń sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní hóró yẹn kí n tó bi í pé, "Kí ni òfin ilé yín lórí ajá? Ìgbà wo ló ń jẹun? Kí ló gbọ́dọ̀ ṣe tí kò ṣeé yẹ̀?" Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mama, ṣé ajá la fẹ́ tọ́jú ni àbí a fẹ́ gbé e níyàwó?" Orí fóònù ni wọ́n ń fi ìlànà oògùn ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn báyìí, pẹ̀lú àwòrán. Ó dára, ó yá. Fóònù kì í ṣáà bi ọdẹ ní ìbéèrè.

Bàbá Ọdẹ́yẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Ṣàgámù ra obì. Obì kẹ̀, ẹni tí kò ní eyín tó tó nǹkan lẹ́nu mọ́! Bó bá ti Sábó dé, á wá jókòó sábẹ́ ìbòòji òdìkejì títì, níwájú ilé ìwòsàn wa. Èmi á ti géètì kí ajá má baà jáde sí i, kí ìbúra má baà bàjẹ́, màá gbé omi lọ fún un. Kò lè dárúkọ ajá, kò lè béèrè rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Àlàájà, ilé ńkọ́? Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ilé ńkọ́?"

Màá ní, "Wọ́n ń jẹun, Bàbá. Wọ́n ń sùn dáadáa." Á mi orí. Lẹ́yìn géètì, Tanímọ̀la á ti na imú sábẹ́ irin, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò sì ní gbó.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, igi ló fi ń wá ọ̀nà. Ajá náà ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ẹnì kan gbé ewúrẹ́ wọlé, kò ti géètì dáadáa, n kò sì mọ̀. Mo wà lọ́dọ̀ Bàbá, mo gbé omi dání, nígbà tí mo rí Tanímọ̀la tó ń rọra sọdá títì bọ̀. Kò sáré, kò ju ìrù. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n má baà kàn án, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ajá yín."

Mo pè é. Ó la ojú, ó wò mí, ó tún pa á dé. Mo tún pè é, kò tilẹ̀ wò mí mọ́. A wà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Bàbá ṣì wà lókè. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ yọ, díẹ̀díẹ̀, gìgísẹ̀ ṣáájú, kí orí ajá má baà fi agbára balẹ̀. Ó wá igi rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ sí ibi tí ọ̀kadà ti ń dúró dè é.